Ṣí Ìyẹ́ Wò Kí O Tó Ra Oògùn

Ìrọ̀lẹ́ ni àsìkò tó dára jù láti yẹ ara adìẹ wò. Lọ́sàn-án gangan, adìẹ ìbílẹ̀ kò ṣeé lé mú ní àgbàlá Ìjàyè tàbí ti Alábàtà. Kí èèyàn tó yí ìdí ilé ká, ó ti fò gorí òrùlé. Tó bá ti wọlé, tí ilẹ̀ sì ti ń ṣú, wẹ́rẹ́ lọwọ́ ń bà á. Gbé e ka itan, fi ọwọ́ kan di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, kí o fi èkejì máa ṣí ìyẹ́ rẹ̀ láti ìdí bọ̀ lọ́nà orí. Kí ẹlòmíràn bá ọ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Abẹ́ ìrù ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà abẹ́ apá, àyà, àyíká ojú àti ogbe, kí n tó bọ́ sí ojúgun àti àtẹ́lẹsẹ̀.

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Dókítà ẹran á sọ fún ọ pé adìẹ kì í làágùn, pé ńṣe ló máa ń lanu mí hẹlẹhẹlẹ tí ooru bá mú un. Síbẹ̀, àwọn àgbà mọ ohun tí wọ́n ń wí nípa ìyẹ́. Ohun tí mo ń rí káàkiri Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ní agbègbè Ìbàdàn, ni pé a máa ń ra oògùn ká tó wo adìẹ. Adìẹ kan ká apá sílẹ̀ láàárọ̀, kó tó dọ̀sán a ti rán ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kò sì tíì sẹ́nì kankan tó ṣí ìyẹ́ rẹ̀.

*

Ní abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn, màmá àgbàlagbà kan gbé àgbébọ̀ dúdú kan wá bá mi.

“Bá mi wò ó, ọmọ mi. Kò jẹun mọ́, kò sì yé.”

“Ẹ jẹ́ ká ṣí ìdí rẹ̀ wò, Màmá.”

Bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ṣe kàn án lára, àwọn kòkòrò aláwọ̀ koríko gbígbẹ tú ká, wọ́n ń sá wọ abẹ́ ìyẹ́ mìíràn. Ní ìdí ìyẹ́ tó yí ihò ìdí ká ni ẹyin wọn wà: ó funfun, ó dì gbagidi bí iyọ̀ tí omi kán sí. Mo fa ìyẹ́ kan tu, mo gbé e lé màmá lọ́wọ́. Wọ́n wò ó títí.

“Háà! Èmi ti rò pé ayé ló ń ṣe é.”

Iná adìẹ ni. Orí adìẹ ló ń gbé láti ìgbà tí wọ́n bá ti yé e títí yóò fi kú. Bó bá já bọ́ sílẹ̀, kì í sábà pé ọ̀sẹ̀ kan kó tó kú. Èérí ara àti ìyẹ́ ló ń jẹ, ó sì máa ń gé ìdí ìyẹ́ tuntun jẹ kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Ó lè rìn lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé adìẹ náà, ṣùgbọ́n kò lè máa gbé orí èèyàn, nítorí náà kí àwọn ọmọ má bẹ̀rù. Ẹyin rẹ̀ máa ń pa láàrin ọjọ́ 4 sí 7. Oògùn tí a bá fi pa àgbà rẹ̀ lónìí kò ní ran ẹyin. Ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 10 lẹ́yìn náà, a gbọ́dọ̀ tún un ṣe, torí pé bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

*

Adìẹ tí mo máa ń rí iná lára rẹ̀ jù ni adìẹ ẹlẹ́yin tó ti gbó, èyí tí àwọn ọgbà adìẹ ńlá ní ọ̀nà Ẹgbẹ́dá àti Ìyànà Ọ̀fà máa ń tà lọ́pọ̀ nígbà tí ẹyin rẹ̀ bá ń dín kù. Àwọn ará abúlé ń rà á nítorí pé owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, ó sì ṣì lè yé fún oṣù mélòó kan. Wò ó lẹ́nu: wọ́n ti gé ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ láti kékeré kó má baà ṣá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣóńṣó ẹnu yẹn gan-an ni adìẹ fi ń ya ìyẹ́, òun ló fi ń ṣa kòkòrò ara rẹ̀ jẹ. A ti gba ohun ìjà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ra irú adìẹ bẹ́ẹ̀ ní láti máa ṣí ìyẹ́ rẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ kò lè tọ́jú ara.

*

Eérú ṣiṣẹ́, mo fara mọ́ ọn. Eérú igi gbígbẹ, tí a jọ̀, tí a pò mọ́ iyanrìn gbígbẹ, tí a dà sínú táyà ọkọ̀ àtijọ́ tàbí ọpọ́n fífọ́ lábẹ́ òrùlé. Adìẹ á wọ inú rẹ̀, á máa yí, á máa gbọn apá, eruku á sì dí ihò tí kòkòrò fi ń mí. Ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ni wàhálà, ibi gbogbo ni eruku wà nígbà náà. Láti oṣù Kẹrin tí òjò bá ti ń rọ̀, àgbàlá á di ẹrẹ̀, adìẹ kò ní rí ibi yí mọ́, iná á sì gbèrú. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí táyà eérú wà lábẹ́ òrùlé. Kí omi má kàn án o. Eérú tútù máa ń jó awọ.

*

Ọ̀tápíápíá. Mo ti rí ẹni tó pò ó mọ́ omi, tó ri adìẹ sínú rẹ̀ títí dé ọrùn. Iná kú lóòótọ́. Adìẹ náà ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, kò sì di ọjọ́ kejì. Dichlorvos tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀tápíápíá máa ń gba awọ wọlé, ó máa ń gba imú wọlé, ó sì ń da iṣan ara rú, ti adìẹ àti ti ọmọ tó gbá adìẹ náà mọ́ra. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké ní ọjà àti ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí ẹ̀mí àwọn èèyàn tó ń bá a lọ. Ìyẹ̀fun apakòkòrò tí wọ́n ṣe fún ara adìẹ wà ní àwọn ilé ìtajà oògùn ẹran. Ìwọ̀nba ni ká máa bù, ká fi pa abẹ́ ìrù àti abẹ́ apá, ká yẹra fún ojú àti imú, ká sì béèrè iye ọjọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ fi jẹ ẹyin adìẹ náà.

*

Àgbébọ̀ tó ń sàba tó fi ẹyin sílẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó pa: ọ̀pọ̀ èèyàn á bú u pé kò ní sùúrù ìyá. Ẹ gbé ẹyin kúrò, ẹ fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ìtẹ́ náà, kí ẹ dúró díẹ̀. Bí kòkòrò wínníwínní bá ń gun apá yín, adìẹ náà kò ní ẹ̀bi kankan.

Èyí yàtọ̀ sí iná. Àwọ̀ eérú ló ní kó tó mu ẹ̀jẹ̀, ó máa ń pupa tó bá mu yó. Irú rẹ̀ kan wà tí kì í gbé ara adìẹ lọ́sàn-án rárá. Inú sísán pákó, ìdí ọ̀pá tí adìẹ ń bà lé, abẹ́ koríko ìtẹ́ ni ibùgbé rẹ̀, òru ló ń jáde wá jẹun. Ẹni tó bá yẹ adìẹ wò lọ́sàn-án kò ní rí nǹkan kan, àfi kó rí i pé ogbe rẹ̀ ti funfun, pé ẹ̀jẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Kòkòrò yìí lè wà láàyè fún oṣù tó lé ní 6 láìjẹun, nítorí náà ilé adìẹ tó ti ṣófo láti ọdún tó kọjá kò tíì mọ́. Ó máa ń jẹ èèyàn pẹ̀lú. Ilé kan wà tí wọ́n so agò adìẹ mọ́ ògiri yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí, tí wọ́n sì ń ra oògùn ẹ̀yún fún àwọn ọmọ láti oṣù dé oṣù.

Koríko ìtẹ́ ni kí a sun. Omi gbígbóná ni kí a dà sí gbogbo sísán, kí a pààrọ̀ ọ̀pá ìbàlé, kí a tẹ́ koríko tuntun sí abẹ́ ẹyin. Àwọn kan ń tẹ́ ewé dóńgóyárò sí i. Kò burú, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ sun ti àtijọ́ ná.

*

Ọrùn pupa tí kò ní ìyẹ́ kan ṣoṣo, tí adìẹ náà ń jẹun, tó ń sáré, tó ń yé: abọ́lọ́rùn ni. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Mo bá ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń fi òróró pa ọrùn abọ́lọ́rùn lójoojúmọ́ kí ìyẹ́ lè hù. Kò ní hù láéláé, kò sì yẹ kó hù; ọrùn ìhòòhò yẹn ló ń jẹ́ kí ooru jáde lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń fara da oòrùn ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì FUNAAB, Abẹ́òkúta, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí irú àwọn adìẹ ìbílẹ̀ wọ̀nyí, iṣẹ́ wọn ló sì bí adìẹ tí a ń pè ní FUNAAB Alpha. Òpìpì náà ń bẹ, tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kò tó fò. Àti èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ lọ́ padà sẹ́yìn. Kò sí àrùn lára wọn.

*

Ẹ̀yìn pípá ní àárín apá méjì, tí orí àti ìdí ní ìyẹ́ dáadáa: àkùkọ ló ń gùn ún jù. Ka àwọn àgbébọ̀ inú ilé náà. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta péré fún àkùkọ kan, ta àkùkọ náà tàbí kí o ra àgbébọ̀ sí i. Mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló tọ́ sí i.

*

Àrùn tí ẹnu àwọn àgbà kì í fẹ́ dárúkọ. Nígbà tí òjò bá ti mú omi dúró sínú agolo àti kòtò, tí ẹ̀fọn sì pọ̀, ni mo máa ń rí i jù: kókó funfun wínníwínní lórí ogbe, ní ìpéǹpéjú, ní etí ẹnu, níbikíbi tí ìyẹ́ kò bá sí. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á pọ́n, á tóbi, á wá di èépá dúdú. Ṣànpọ̀nná adìẹ ni. Màmá kan ní Àkànrán kò jẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀ níwájú ilé wọn. “Sọ pé olóde,” ni wọ́n wí, mo sì sọ pé olóde, torí pé ìran tí màmá ti wá rí ohun tí àrùn náà ṣe fún èèyàn. Ti èèyàn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ní 1970 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní 1980 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kò sí mọ́ láyé. Ti adìẹ kì í ran èèyàn. Ṣìnkìnpọ́ọ̀sì tó ń ṣe àwọn ọmọ wa kò sì ti ara adìẹ wá, orúkọ lásán ló jọ.

Ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri. Ó jẹ adìẹ aláìsàn, kòkòrò àrùn náà lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e lọ fún adìẹ aládùúgbò. Láàrin ọjọ́ 4 sí 10, kókó á yọ. Adìẹ tó bá ń ṣá ara wọn lójú ọgbẹ́ náà ń kó o ran ara wọn. Èyí tó bá jẹ́ ti awọ nìkan, ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ni èépá á já fúnra rẹ̀, àrùn náà kò sì ní ṣe adìẹ náà mọ́. Ohun tó ń pa wọ́n nínú irú èyí ni ojú. Èépá á bo ìpéǹpéjú méjèèjì, adìẹ kò ní rí oúnjẹ, ebi á pa á kú níwájú àwo àgbàdo.

Nítorí náà, iṣẹ́ ọwọ́ ló kù. Ya adìẹ náà sọ́tọ̀ sínú agò tí a fi àwọ̀n ẹ̀fọn bò. Fi òwú àti omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ojú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ títí yóò fi là. Fún un ní ògì tàbí ẹ̀kọ rírọ̀ lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀, kí o sì fún un ní omi. Fi áyódíìnì díẹ̀ kan èépá tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀. Má ṣe bó èépá! Àwọn tó ń bó o, tí wọ́n ń fi epo pupa àti iyọ̀ gbo ojú rẹ̀, ìrora lásán ni wọ́n ń fún adìẹ náà, wọ́n sì ń fọ́n àrùn sí ilẹ̀. Èyí tó bá já, ṣà á kí o sun ún. Àrùn lè wà láàyè nínú èépá gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Èyí tó wọ ọ̀fun ló le. Ya ẹnu adìẹ tó ń mí tagbáratagbára wò: bí nǹkan aláwọ̀ ìyeyè bá bo ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun, má fi ìka ha á, gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn ń gba adìẹ, kódà bó ṣe ẹyọ kan péré lo gbé wá.

*

Kápúsù tẹ́trá, aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò. Kò sí abúlé tí mo wọ̀ tí wọn kì í tú u sínú omi adìẹ fún gbogbo àìsàn. Fáírọ́ọ̀sì ló fa ṣànpọ̀nná adìẹ, tẹ́trá kò lè pa á. Kò pa iná. Kò pa kòkòrò ẹsẹ̀ tí mo ń bọ̀ wá sọ. Ó lè dá kòkòrò mìíràn tó fẹ́ gba ojú ọgbẹ́ wọlé dúró, ìyẹn bí ẹni tó mọ ìwọ̀n bá lò ó. Ẹyin tí adìẹ náà ń yé láàrin ìgbà yẹn, oògùn wà nínú rẹ̀, ọmọ ilé ló sì ń jẹ ẹ́.

*

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí ẹsẹ̀, torí pé ẹsẹ̀ ni a kì í wò.

Bàbá kan nítòsí Mọ́níyà ní àkùkọ kan tó ti dàgbà, gíga, ọ̀gàn rẹ̀ gùn. Ojúgun rẹ̀ méjèèjì ti wú, ìpẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun funfun tó dà bíi pé ó hó ló gbé wọn sókè láti abẹ́. Ọmọ ìka kan ti já. Ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó.

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Kí lẹ fi ń tọ́jú rẹ̀?”

“Kẹrosíìnì. Òun la bá lọ́wọ́ àwọn baba wa. Bí kò bá gbà, mo máa ń bu ọ́ìlì dúdú lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.”

Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló gbẹ́ ihò sí abẹ́ ìpẹ́, ibẹ̀ ló ń gbé, ibẹ̀ ló ń bímọ sí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ràn, láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀, lórí ọ̀pá tí wọ́n jọ ń sùn. Adìẹ àgbà ló sábà máa ń ṣe. Kẹrosíìnì lè pa á, ṣùgbọ́n ó máa ń jó ẹran ẹsẹ̀ náà pẹ̀lú, majèlé sì ni ọ́ìlì mẹkáníìkì fún adìẹ àti fún ẹni tó bá jẹ ẹ́. Mo wo ẹsẹ̀ àkùkọ náà: ibi tí kẹrosíìnì ti kàn án jù ti bó, ó pupa yòò.

A po omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ dúdú sínú ike, a ki ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ó kọ́kọ́ jà, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. A fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́ láti òkè bọ̀ nísàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a kò ṣí ìpẹ́ tí kò bá ṣí fúnra rẹ̀. A nù ún gbẹ, bàbá wá fi àdín kùn ún fọ́fọ́ títí ó fi wọ abẹ́ ìpẹ́. Òróró ló ń dí èémí kòkòrò náà. Fasilíìnì náà lè ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, gbogbo adìẹ tí wọ́n jọ ń sùn lórí ọ̀pá kan náà, kí a sì fọ ọ̀pá náà pẹ̀lú. Ìpẹ́ tó ti bàjẹ́ kò ní tètè padà bọ̀ sípò, ó lè gba oṣù mélòó kan. Ìrora ló kọ́kọ́ ń lọ. Ní ti ivermectin tí àwọn kan ń kán sí adìẹ lẹ́nu, oògùn gidi ni, ṣùgbọ́n dókítà ẹran ni kó wọn ọ́n, torí èyí tí wọ́n ṣe fún màlúù ni wọ́n ń tà, agbára rẹ̀ sì ju ti adìẹ lọ fíìfíì.

*

Kókó líle ní àtẹ́lẹsẹ̀, tó ní èépá dúdú láàrin: ti irú adìẹ tí a ń pè ní Noiler ni, èyí tó sanra, tó ń bẹ́ láti orí ọ̀pá gíga bọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Sọ ọ̀pá náà kalẹ̀ kó má ju orúnkún lọ, tẹ́ èérún pákó sílẹ̀. Omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́, áyódíìnì, aṣọ mímọ́. Bó bá ti tóbi, dókítà ni kó là á.

*

Kókó dúdú ṣíṣù yí ojú òròmọdìẹ ká, tó dà bí èépá ṣùgbọ́n tó ní ẹsẹ̀ tí a bá fi ìmọ́lẹ̀ wò ó dáadáa: irú kòkòrò kan tó máa ń ki ẹnu bọ awọ, tí kì í kúrò níbẹ̀. Fasilíìnì ni ká fi bò ó, kò sì ní pẹ́ kú. Funfun lẹ́búlẹ́bú lórí ogbe, tí kò ní kókó, làpálàpá ni. Ìpara làpálàpá á wò ó, fọ ọwọ́ rẹ tí o bá kùn ún tán.

*

Ogbe tó ṣàdédé di àwọ̀ àlùkò, ojúgun tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lábẹ́ awọ, orí tó wú, tí adìẹ mélòó kan sì kú lọ́jọ́ kan náà: ìmọ̀ mi lórí awọ parí síbẹ̀. Má ṣí ìyẹ́, má dú u, má jẹ ẹ́, má gbé e lọ sí ọjà Bódìjà lọ tà. Ní oṣù Kejì 2006, ọgbà adìẹ kan ní Jàájì, ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí H5N1, àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ, ní gbogbo Áfíríkà, ó sì tàn káàkiri Nàìjíríà. Èèyàn lè kó o. Ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn ní ìjọba ìbílẹ̀ ni kí o sáré lọ.

*

Adìẹ ọjà. Inú agò kan náà ni wọ́n ti ń kó ti abúlé márùn-ún pọ̀. Èyí tó bá tọjà dé, kó dá gbé fún ọ̀sẹ̀ 2, lẹ́yìn ilé, kó má bá ti ilé jẹ nínú àwo kan. Ṣí ìyẹ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó dé, kí o tún ṣí i kó tó wọlé. Àwọn obìnrin tó ń ra adìẹ fún ọdún máa ń wọn àyà rẹ̀ lọ́wọ́ nìkan; ṣíṣí abẹ́ apá kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

*

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣànpọ̀nná adìẹ ń bẹ, Ilé Ìwádìí Àrùn Ẹran ti orílẹ̀-èdè wa ní Vom, nítòsí Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe é níbí. Ìdí tí kò fi dé abúlé ni pé ìgò kan tó adìẹ tó lé ní ọgọ́rùn-ún, bí a bá sì ti pò ó tán, kò ju wákàtí mélòó kan lọ kó tó bàjẹ́. Ta ni adìẹ mẹ́sàn-án rẹ̀ yóò gba odindi ìgò? Ní abúlé kan ní Ọ̀nà-Àrà, àwọn obìnrin ilé mélòó kan da owó pọ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ wọn kan tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ẹran sì gbé e wá nínú fláàsìkì oníyìnyín ní ìdájí, kí wọ́n tó tú adìẹ sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ náà ní ẹnu méjì. Ọmọ náà ri í bọ ìgò, ó na apá adìẹ, ó ya ìyẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì gún awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní ìkáapá, níbi tí kò ti ní kan iṣan ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá ni lórí adìẹ kan. Ó kìlọ̀ fún wọn kí ó tó lọ pé, “Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ bá mi wo ojú abẹ́rẹ́ náà tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ọjọ́ 7 sí 10 lẹ́yìn náà, kókó kékeré kan tàbí èépá ló yẹ kó wà níbẹ̀. Adìẹ tí kò bá ní in, ó lè jẹ́ pé àrùn náà ti ṣe é rí. Bí púpọ̀ nínú wọn kò bá ní in, àjẹsára náà ti kú kó tó dé. Àwọn obìnrin náà ṣí apá gbogbo wọn wò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹjọ, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Wọ́n fi okùn pupa so ẹsẹ̀ àwọn tí kò ní kókó, wọ́n sì tẹ ọmọ náà láago pé kó padà wá gún wọn.